₦450,000 lọ́wọ́: ṣé kí n ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò tán, àbí kí wọ́n to tuntun fún mi?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ohun tó kọ rèé:

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe: ìwé ìpè ìgbéyàwó, bánà, fláyà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tún máa ń gé fídíò àríyá fún àwọn oníbàárà, fóònù la sì fi ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Laptop mi ò gbé iṣẹ́ mọ́, desktop ni mo fẹ́ rà báyìí. ₦450,000 ni mo ní, owó mọ́nítọ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan ní Computer Village ní òun á to gaming PC tuntun fún mi ní iye yẹn. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ó ń tan iná oríṣiríṣi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá a lóhùn, kí n lọ ra Dell tòkunbọ̀. Bọ̀dá mi tó wà ní London náà ní òun lè rà á fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?»

Àbúrò mi, o ṣeun tó o la gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí nírú ìbéèrè yìí kì í sọ iye tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kì í sì í sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ọ̀rẹ́ ẹ ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Ra tòkunbọ̀ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Dell kan ṣáá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà kò dáa fún iṣẹ́ tìẹ, ohun tí mo sì fẹ́ lo àkókò lé lórí nìyẹn.

Lórí YouTube, wàá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn òyìnbó pé ẹni tó bá tò ó fúnra ẹ̀ ló ń rí i rà lówó pọ́ọ́kú. Wọn ò parọ́. Ọjà ìlú tiwọn ni wọ́n ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè wọ Micro Center, ilé ìtajà ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, kó mú processor (ọpọlọ ẹ̀rọ), motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́) àti RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) pa pọ̀ ní ẹ̀dínwó. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, wàrántì wà. Ọjà tiwa yàtọ̀. Ẹ̀yà tuntun kọ̀ọ̀kan tó wọ Ọ̀tígbà, ní Computer Village n'Ìkẹjà, dọ́là ni wọ́n fi rà á, wọ́n sanwó ọkọ̀ ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba tiwọn, ẹni tó kó o wọlé jẹ èrè tiẹ̀, ẹni tó ń tà á fún ẹ náà gbọ́dọ̀ jẹun. Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì kì í gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ilé iṣẹ́ tàbí iléèwé kan l'Ìlú Ọba á pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ta àwọn àtijọ́ lápapọ̀, wọ́n á kó wọn sí kọ̀ǹténà, wọ́n á sì dé Ìkẹjà ní odidi. Ìdí nìyẹn tí odidi ẹ̀rọ fi máa ń dínwó ju àkójọ ẹ̀yà ara ẹ̀ lọ níbí. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, mú orúkọ processor tó wà nínú OptiPlex kan (desktop ọ́fíìsì Dell), kó o lọ béèrè iye processor yẹn nìkan, iye RAM nìkan, iye SSD (ibi tí fáìlì ń wà) nìkan, casing nìkan, power pack (ẹ̀yà tó ń pín iná) nìkan. Kó o tó ṣírò dé ìdajì, wàá ti rí ohun tí mò ń sọ.

Láti ìparí ọdún 2025 ni nǹkan míì tún ti dá kún un. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà ńláńlá fún AI ń ra RAM bí ẹni tí wọ́n ní ọjà ò ní sí lọ́la, owó RAM sì fò sókè káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú RAM ayé, ìyẹn Samsung, SK Hynix àti Micron. Nínú oṣù December 2025, Micron kéde pé òun máa jáwọ́ nínú Crucial, ẹ̀ka tó ń ta RAM àti SSD fún aráàlú bíi tèmi tìẹ. Ẹni tó bá ń to kọ̀ǹpútà tuntun lásìkò yìí, ojú ẹ̀ á rí màbo lórí RAM nìkan. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí 16GB ti wà nínú ẹ̀ dáadáa, èrè tí kò hàn síta nìyẹn. Torí náà, tó o bá ń ná ọjà, ẹ̀rọ tí RAM ẹ̀ ti pé ni kó o ná. Má gbà kí wọ́n yọ ẹyọ kan nínú ẹ̀ torí kí owó lè wálẹ̀ díẹ̀.

Ó kan ẹni tó fẹ́ to gaming PC fún ẹ. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì pè é ní gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà mú nǹkan tó tóbi lójú bọ́ sínú owó kékeré. Ohun tí ojú ń rí ni wọ́n máa ń náwó lé: casing onígíláàsì, fáànù tó ń tanná pupa àti àwọ̀ ewé. Ohun tí ojú kì í rí ni wọ́n máa ń fi ṣe ìdínkù. Processor á jẹ́ i7 àtijọ́, tàbí Xeon tí wọ́n tú lára sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́), lórí motherboard tí kò sẹ́ni tó mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Graphics card, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán, lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi wa owó kírípítò tọ̀sán-tòru. Láti September 2022 tí Ethereum ti fòpin sí wíwa owó lọ́nà yẹn ni irú wọn ti ya wọ ọjà tòkunbọ̀. Power pack ńkọ́? Èyí tó bá ṣáà ti lè tan ẹ̀rọ ni wọ́n á kì bọ̀ ọ́.

Wọ́n á sì sọ fún ẹ pé “i7 ni o.” Orúkọ i7 yẹn, tó jẹ́ ti processor Intel, nìkan kò túmọ̀ sí nǹkankan. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni kó o máa wò. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́rin, ẹyọ àkọ́kọ́ ni jẹnẹréṣọ̀n, ìyẹn ìran tí processor náà wà. Tó bá jẹ́ márùn-ún tó sì fi 1 bẹ̀rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni kó o kà pọ̀. Nítorí náà i7-3770 jẹ́ jẹnẹréṣọ̀n kẹta, ọdún 2012 ló jáde. i5-8500 jẹ́ ti kẹjọ, ọdún 2018. i3-12100 jẹ́ ti kejìlá, ọdún 2022. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, i7 yẹn ló gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, i3 ń gba iwájú i7, ó sì ń gbà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Tí lẹ́tà F bá wà ní ìparí, bíi i5-12400F, a jẹ́ pé processor náà kò ní graphics tiẹ̀ nínú. Láìsí graphics card, mọ́nítọ̀ ò ní gbé nǹkankan jáde.

Power pack ló ń bí mi nínú jù, torí òun ni kì í dá kú. Ní kí onítọ̀hún ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Wọ́n lè kọ 500W gàdàgbà gadagba sí i lára. Fojú fo ìyẹn, kó o wo ìlà tí wọ́n kọ +12V sí, torí ojú ìlà yẹn ni processor àti graphics card ti ń mu iná. Tó o bá rí 18A níbẹ̀, fi 12 sọ 18 di púpọ̀: 216W. Power pack tí wọ́n pè ní 500W kò ju 216W lọ níbi tó ti ṣe pàtàkì. Ní ìlú tí NEPA ti ń mú iná lọ lójijì tó sì ń dá a padà pẹ̀lú agbára òdì, irú power pack bẹ́ẹ̀ á fọ́, á sì mú motherboard dání lọ, nígbà míì SSD tí iṣẹ́ oníbàárà wà nínú ẹ̀ náà á bá a lọ.

Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, ta lo fẹ́ dì mú? Èyí tí wọ́n tò, ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ̀yà ẹ̀ ti wá. Ẹni tó tò ó á ní RAM ni, oní-RAM á ní motherboard ni, ìwọ á máa wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Ìkẹjà lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè yanjú níjọ́ kan. Òótọ́ ni pé wàrántì tòkunbọ̀ náà kì í gùn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọ̀pọ̀ ń fúnni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló tà á fún ẹ, odidi ẹ̀rọ lo sì máa gbé padà fún un. Jẹ́ kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì: nọ́ńbà ẹ̀rọ, ohun tó wà nínú ẹ̀, àti ọjọ́ tí wàrántì máa parí.

Ó yá, èwo gan-an nínú àwọn tòkunbọ̀? Dell OptiPlex 5060 tàbí 7060, HP EliteDesk 800 G4 tàbí ProDesk 600 G4, Lenovo ThinkCentre M720 tàbí M920. Jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Tó o bá rí 5070, 7070 tàbí 800 G5 tí owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, mú un. Inú ẹ̀, i5-8500 tàbí i5-9500 ti tó ẹ: mẹ́fà ni core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Graphics tó wà nínú processor yìí, tí wọ́n ń pè ní UHD 630, ní ibi tó ń dá fídíò H.264 àti HEVC (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà di fídíò pọ̀ kó kéré) tú fúnra ẹ̀, láìni processor lára. Ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ló sì ń fi HEVC ya fídíò, pàápàá iPhone. Nítorí fídíò tí ẹ̀ ń fi fóònù yà yìí gan-an ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn.

Má jẹ́ kí wọ́n ta OptiPlex 7050 tàbí EliteDesk 800 G3 fún ẹ, bó ti wù kó mọ́ tó. Jẹnẹréṣọ̀n kẹfà tàbí ìkeje ló wà nínú wọn, Windows 11 sì ń béèrè ìkẹjọ sókè, pẹ̀lú TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú ẹ̀rọ). Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun fi ń kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dànù. Oníṣọ́ọ̀bù lè ní òun ti fi Windows 11 sí i, ó sì lè jẹ́ òótọ́, torí ọ̀nà ẹ̀yìn wà. Ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe ààbò gbà. Ìwọ tó ń gba owó oníbàárà sínú áàpù báńkì lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kò yẹ kó o fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́.

Ìrísí mẹ́ta ni wọ́n máa ń wá. Èyí tó rí bíi páálí kékeré, tó fẹ́ẹ̀ tó àpò ọwọ́ obìnrin, kì í mu iná, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò ní àyè fún graphics card, RAM laptop ló sì ń lò. Èyí tó pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní SFF, ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ. Card kúkúrú nìkan ló lè wọ inú ẹ̀, nǹkan bíi 200W sì ni power pack ẹ̀. Tower ni kó o béèrè. Tí wọ́n bá ní kò sí, rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, Ọ̀tígbà gùn, Pepple Street náà wà níbẹ̀. Nínú tower, card tó ga déédéé lè wọlé, háàdì díìsìkì ńlá tó o fẹ́ máa kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ sí náà á rí àyè, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ sí i nínú. Ojú ihò tí wọ́n ń ki graphics card bọ̀ lè fún un ní iná tó 75W láìsí wáyà míì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, o lè ra GTX 1650 tí kò lo wáyà, tàbí RTX 3050 ti 6GB tó ń mu 70W, kó o kì í bọ̀ ọ́, kó o sì máa gé fídíò lọ. Wọ́n tún lè fi RX 6400 lọ̀ ẹ́ torí ó dínwó. Fún géèmù, kò burú. Ẹni tó ń gé fídíò ò gbọ́dọ̀ rà á o, torí wọn ò fi ẹ̀yà tó ń di fídíò pọ̀ sínú ẹ̀ rárá, processor ni yóò máa fi agbára ara ẹ̀ gbé fídíò tó o bá fẹ́ kó jáde.

Àléébù kan wà lára àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yìí tí mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ. Dell àti HP kì í lo power pack àti motherboard tó bá tọjà mu. Ẹnu wáyà wọn yàtọ̀, ojú ihò ìdè wọn yàtọ̀. Lọ́jọ́ tí power pack bá kú, èyí tí oníṣẹ́ Òṣogbo ní nílẹ̀ lè má wọ̀ ọ́, á di kó o ránṣẹ́ sí Èkó. Ó dùn mọ́ni pé wọ́n pọ̀ ní Ọ̀tígbà, torí wọ́n ń tú u lára àwọn ẹ̀rọ tó ti kú. Tí owó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́jọ́ ìrajà, béèrè irú power pack yẹn kan sí i, kó o gbé e sílé.

Bó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, jókòó. Má jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ fún ẹ ní ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n sì dì í. Kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó o wo inú ẹ̀, kó o sì gbóòórùn ẹ̀: nǹkan tó ti jóná rí máa ń rùn. Tan án, wọ inú BIOS, ojú ètò ẹ̀rọ tó ń yọ kí Windows tó wọlé. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí oníṣọ́ọ̀bù ò mọ̀, dìde. Tó bá tan tán, áàpù CPU-Z á sọ orúkọ processor gan-an àti iye RAM tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Áàpù CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tí SSD ti ṣiṣẹ́ àti bí ìlera ẹ̀ ṣe kù sí. Tẹ tpm.msc, kó o rí 2.0 níbẹ̀. Ki fláàṣì bọ gbogbo ojú USB níkọ̀ọ̀kan.

Àyẹ̀wò tó kù yìí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n, òun ló sì máa ń sunni lẹ́kún. Ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́, kí wọ́n fi Windows 11 tuntun sí i lójú ẹ, kó o wá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ẹ bí ètò náà ṣe ń lọ. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn, orúkọ wọn á yọ lójú mọ́nítọ̀, á ní kó o fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn wọlé. Ọ̀nà wà tí oníṣẹ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tó o bá tún Windows ṣe ló máa padà yọjú. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tìẹ dénú. Fi sílẹ̀ fún wọn.

Nípa owó, àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Má fi gbogbo ₦450,000 lé àpótí lórí. Owó ọjà ń yí padà ní gbogbo ìgbà, mi ò ní kọ iye kan síbí tó máa di irọ́ kó o tó kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá pín in sí mẹ́wàá, mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ gbà ju mẹ́fà lọ. Mọ́nítọ̀ á gba méjì. Méjì tó kù jẹ́ ti ààbò iná àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́wẹ́.

Nípa RAM, 16GB ni, kó sì jẹ́ 8GB méjì, má gba 16GB ẹyọ kan. Graphics inú processor kò ní RAM tiẹ̀, ti ẹ̀rọ ló ń yá lò, tí ó bá sì jẹ́ méjì ló wà nínú ihò, ọ̀nà méjì ni yóò máa gbà kó ẹrù. Wàá rí ìyàtọ̀ ẹ̀ tó o bá ń fa fídíò síwá sẹ́yìn. CorelDRAW àti Photoshop náà fẹ́ràn RAM. SSD, 512GB ti NVMe (irú èyí tó yára, tó ń wọ orí motherboard). Gbogbo àwọn ẹ̀rọ tí mo dárúkọ ló ní ojú ihò ẹ̀ lórí motherboard.

Mọ́nítọ̀, má tìtorí pé ó fẹ̀ rà á. IPS (irú ojú mọ́nítọ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ kì í tètè yí padà) ni kó o béèrè, tó jẹ́ ínǹṣì 22 tàbí 24, 1920 x 1080. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù rọrùn: ṣí fọ́tò tí àwọ̀ ara èèyàn wà nínú ẹ̀, dìde dúró, kó o tún bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, kó o yà sápá ọ̀tún. Tí àwọ̀ bá ń yí padà bó o ṣe ń rìn, kì í ṣe IPS, kò yẹ fún ẹni tó ń ṣe bánà. Oníbàárà tó ní kó o fi àwọ̀ aṣọ ẹbí òun ṣe bánà kò ní gbọ́ pé mọ́nítọ̀ ló parọ́ fún ẹ.

Ẹ̀yìn OptiPlex àti EliteDesk, DisplayPort lo máa bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò ní HDMI. Ra wáyà ẹ̀ kó o tó kúrò ní Ìkẹjà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ desktop ọ́fíìsì ni kò ní Wi-Fi, torí wáyà ni wọ́n fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́. Ra èyí tó kéré, tí wọ́n ń kì bọ USB.

Iná wàyí. Nígbà tó o wà lórí laptop, bátìrì ẹ̀ ló ń gbà ẹ́ lọ́wọ́ NEPA. Desktop ò ní irú ẹ̀, tí iná bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. UPS kékeré ni ohun àkọ́kọ́, kì í ṣe torí kó o lè máa bá iṣẹ́ lọ, bí kò ṣe kó o lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi tọ́jú iṣẹ́ kó o sì pa ẹ̀rọ dáadáa. Tó o bá ń lo ìńfátà nílé, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bátìrì 12V kan tó jẹ́ 200Ah, 2,400Wh ló wà nínú ẹ̀. Bátìrì oní-lẹ́ẹ̀dì, ìdajì ló yẹ ká lò kó má baà tètè kú. Yọ ohun tí ìńfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ kúrò, á kù bíi 1,000Wh. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó ń ṣe fláyà, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ẹ̀, kò sábà ju 80W lọ: wákàtí méjìlá rèé. Gaming PC tí graphics card ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ gidi lè fa 270W pẹ̀lú mọ́nítọ̀, kò ní pé wákàtí mẹ́rin tí wàá fi máa wá ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: má ki desktop bọ “I better pass my neighbour” tààrà láìsí stabilizer. Iná tó ń jáde lára ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó o bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ìńfátà, pure sine wave (èyí tí iná ẹ̀ dà bíi ti NEPA) ni kó o rà, torí power pack òde òní kan wà tó máa ń kú lójijì lórí àwọn yòókù.

Ìgbà wo wá ni títo tuntun dáa? Tí owó ẹ bá ti tó ìlọ́po méjì èyí, tàbí tó bá di pé fídíò 4K ni gbogbo iṣẹ́ ẹ. Nígbà yẹn, i5-12400 láìsí F, tàbí Ryzen 5 5600G, lórí motherboard tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ lórúkọ, pẹ̀lú power pack tó ní àmì 80 Plus (àmì pé kì í fi iná ṣòfò). Àǹfààní ẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ bá tọjà mu, ohunkóhun tó bá kú, oníṣẹ́ ìgboro èyíkéyìí lè pààrọ̀ ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n tò ó lójú ẹ, kó o sì gba páálí gbogbo nǹkan. SSD, mọ́nítọ̀ àti UPS tó o bá rà lónìí á sì bá ẹ lọ síbẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí mi ò ṣe fẹ́ kó o náwó lórí gíláàsì àti fáànù oníná.

Ó ku ti bọ̀dá ẹ. Iná London àti tiwa bára mu, 230V ni, ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì wọn náà sì ni tiwa, kò sí ìṣòro níbẹ̀. (Ti Amẹ́ríkà ni kó o ṣọ́ra fún: wo lébẹ́ẹ̀lì power pack bóyá 100-240V ló kọ. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn tó wà lórí 115. Tó o bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, á dún gbàù.) Ṣùgbọ́n tower wúwo, owó tí wọ́n fi ń gbé e kì í ṣe kékeré, wọ́n lè gbá a mọ́lẹ̀ lọ́nà, tó bá sì dé tí kò tàn, ta ni yóò gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á? Jẹ́ kó ra nǹkan tó lè wọ àpò fún ẹ. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé, SSD NVMe àti RAM DDR4 méjì kò tó ẹrù. Kò sì gbọ́dọ̀ sáré ra RAM kan tó rí lórí eBay torí ó dínwó gan-an, torí ti sáfà ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kó wo sítíkà orí ẹ̀. Lẹ́yìn PC4-2666V, lẹ́tà U ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ S, ti laptop ni. Tó bá jẹ́ R, ti sáfà ni, ẹ̀rọ ẹ ò sì ní tàn tó bá wà nínú ẹ̀.